Ewúrẹ́ Etí Odò àti Pátákó Ọrùn Tòún

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìbínú Àjíbíkẹ́ Olúsànyà, kó pe Yorùbá ní fanákúlà létí rẹ̀, bí àwọn tíṣà ṣe máa ń pe èdè abínibí tí wọn ò fẹ́ kí ọmọ sọ nílé-ìwé. Ibafo ni òun àti Jùwọ́n àbúrò rẹ̀ ń gbé, nínú yàrá kan ṣoṣo tó tún jẹ́ ibi iṣẹ́ wọn. Jùwọ́n ló ń ya àwòrán, tó ń mú un rìn lójú kọ̀ǹpútà. Àjíbíkẹ́ ló ń kọ ìtàn, tó sì ń fi ohùn sí i. Inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ ló máa ń kó sí láti gba ohùn sílẹ̀, kí aṣọ lè bá a dí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó yí wọn ká. Ooru ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe géèmù ewúrẹ́. Ewúrẹ́ kan dúró létí odò, ó fẹ́ lọ sílé. Yóò fi nǹkan han ọmọdé, yóò béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pe èyí?" Bí ọmọ bá fẹnu ara rẹ̀ dáhùn ní Yorùbá, pákó kan á bọ́ sórí omi, ewúrẹ́ á gbẹ́sẹ̀ síwájú. Bí ọmọ bá dákẹ́, ewúrẹ́ ò ní kúrò lójú kan. Ohùn àwọn ọmọ àdúgbò ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà títí ó fi ń gbọ́ Yorùbá ketekete.

Ilé-ìwé kankan kò tíì gbà wọ́n wọlé rí. Nígbà tí ilé-ìwé aládàáni kan ní Mowe wá ní kí wọ́n gbé géèmù náà wá torí Ọjọ́ Àṣà, Jùwọ́n fọ bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Mọ́mì Adépọ̀jù, tó ni ilé-ìwé náà, fi ẹ̀rín pàdé wọn. Àjíbíkẹ́ kúnlẹ̀, Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ní kíláàsì, tíṣà sì pe ọmọbìnrin kan, Tòún, síwájú. Ewúrẹ́ fi ìgbálẹ̀ hàn án.

"Ìgbálẹ̀!" Inú ọmọ náà dùn. Pákó bọ́, ewúrẹ́ tún fi ìkòkò hàn án.

"Ìkòkò!"

Kí pákó kejì tó balẹ̀, tíṣà ti já pátákó kan lára ògiri, ó ti fi kọ́ Tòún lọ́rùn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé ẹni tó gbé e kọ́rùn sọ fanákúlà.

Àjíbíkẹ́ rò pé eré ni. "Tíṣà, kí ló ṣe?"

"Òfin ilé-ìwé ni, Àǹtí. Ọjọ́ Àṣà ṣì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mọ́mì Adépọ̀jù rẹ́rìn-ín. "Géèmù yín fine gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ṣáà bá wa ṣe é kí wọ́n kàn máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. No need kí wọ́n máa sọ̀rọ̀."

Àjíbíkẹ́ wo pátákó ọrùn Tòún. Géèmù Yorùbá, tí ọmọ Yorùbá ò gbọdọ̀ fi Yorùbá dáhùn! Ìwọ̀sí wo ló tún ju èyí lọ? Obìnrin tó fi Yorùbá kí wọn káàbọ̀, tó fi Yorùbá bú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ lójú wọn, òun ló wá ń so èdè ìyá ọmọ mọ́ ọmọ lọ́rùn bí ẹrù olè. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á wọ aṣọ òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní àwọn ń gbé àṣà lárugẹ.

Jùwọ́n fọwọ́ tọ́ ọ. "Sister mi, ẹ jẹ́ ká rò ó. Ilé-ìwé àkọ́kọ́ wa nìyí o."

Àjíbíkẹ́ kò wo ojú rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ má bínú, a ò ní ṣe é. Bí ọmọ ò bá sọ̀rọ̀, ewúrẹ́ ò ní délé."

Ojú Mọ́mì Adépọ̀jù le. "Ẹ máa gbé e lọ nígbà yẹn."

Jùwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà. Àjíbíkẹ́ nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà dé. Ewúrẹ́ ṣì wà láàárín odò, ó fi àgbàdo hàn, ó ń fi ohùn Àjíbíkẹ́ béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pe èyí?" Tòún di ọwọ́ Àjíbíkẹ́ mú.

"Àǹtí, ẹ dúró ná. Wọ́n kúkú ti gbé pátákó kọ́ mi lọ́rùn." Ó kọjú sí ewúrẹ́. "Àgbàdo."

Pákó bọ́ sórí omi. Jùwọ́n ju wáyà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó fa àga, ó jókòó. Mọ́mì Adépọ̀jù ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọn ò kúrò níbẹ̀ títí ewúrẹ́ fi délé.