Bí Mo Ṣe Fi Iyọ̀ Ṣàdúrà fún Tòmátì Ìyàwó Mi

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Mowe níbí. Tẹ́ ẹ bá rò pé irọ́ ni, ẹ bi ìyàwó mi!

Ìyàwó mi, Ìyá Tóbi, tíṣà báyọ́lọ́jì ni. Ó gbin tòmátì sínú àwọn àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilé wa. Màmá rẹ̀ ló fún un ní irúgbìn náà láti Ifo, wọ́n sì ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣé ẹ mọ àwọn ìyá àna? Wọ́n á bèèrè àlàáfíà tòmátì kí wọ́n tó bèèrè tèmi!

Ní Sátidé, ìyàwó mi lọ sí ìpàdé, ó ní kí n bá òun bomi rin ín. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìkómọ dé láti Ibafo ni. Iyọ̀ tí wọ́n fi ṣàdúrà fún ọmọ ṣì wà lórí ahọ́n mi. Ni mo bá rò ó pé, ṣé ọmọ èèyàn nìkan ló yẹ kí ayé dùn fún ni? Mo bu iyọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, mo rò ó pọ̀, mo bù ú fún àwọn tòmátì, mo sì ṣe àmín.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ewé ti sọ̀ kalẹ̀ bí etí ajá tí wọ́n bá wí. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀, ó tutù. Òùngbẹ nínú omi kẹ̀? Mo tún bu ìyókù bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wọn. Wọ́n kúkú dùbúlẹ̀!

Ìyàwó mi dé. Ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Bàbá Tóbi, kí lẹ bù sí tòmátì màmá mi?"

"Àdúrà ni."

Ó ki ìka bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lá a. "Àdúrà oníyọ̀!"

Mo rò pé ó máa sunkún. Rárá o, apá aṣọ ló ká! Ó ní inú ewéko kún fún sẹ́ẹ̀lì tíntìntín, bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó kún dẹ́múdẹ́mú. Omi inú sẹ́ẹ̀lì yẹn ló ń mú ewé dúró. Ṣùgbọ́n ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí lomi máa ń wọ́ lọ. Dípò kí gbòǹgbò fa omi ilẹ̀, ilẹ̀ oníyọ̀ mi ló ń fa omi inú gbòǹgbò! Ó ní ṣé n kò rí bí kùkúńbà tí a bá wọ́n iyọ̀ sí ṣe máa ń ṣomi nínú àwo ni? Ọsimósíìsì lorúkọ rẹ̀. Mo ní orúkọ yìí jọ ti àìsàn.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ fa omi kànga wá. Ó ń dà á sínú àpò, omi ń gba ìdí àpò jáde, ó ń kó iyọ̀ lọ. Ó tún dà á, ó tún dà á. Ìbàdí mi bẹ̀bẹ̀ títí! Mo ní tí àwọn òkú yìí bá jí, mà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Ó ní òun ti gbọ́.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé kí èèyàn bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ kó tó ṣoore. Kí ni ẹ̀yin náà ti bà jẹ́ tí ẹnì kejì yín bá yín tún ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kó má jẹ́ èmi nìkan lẹ máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ńkọ́? Mo jáde tèmi ti síńgílẹ́ẹ̀tì. Tòmátì ti dúró ṣánṣán, wọ́n ń wò mí! Ìyàwó mi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ń wò mí. Mo nà gbalaja sínú ẹrẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo wà tí màmá rẹ̀ fi gba ẹ̀gbẹ́ ilé yọ.

"Ẹ wo àna mi! Ó ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Ayé rẹ á dùn bí iyọ̀ o!"

"Màmá!" Ìyàwó mi ti ń rẹ́rìn-ín, ó dikùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ iyọ̀ nínú ilé yìí!"