Fíìmù Tí Mo Yà Nílé Signora

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù ní Turin, ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá San Salvario, olùkọ́ wa ní kí oníkálukú lọ ya fíìmù kékeré nípa ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Màmá mi ni mo mú. Ìyá arúgbó kan tí a ń pè ní Signora ni wọ́n ń tọ́jú. Mo tọrọ ààyè lọ́wọ́ Signora, inú wọn dùn, wọ́n tilẹ̀ ní kí màmá mi kọ́kọ́ bá àwọn ya irun.

Kámẹ́rà ilé ẹ̀kọ́ ni, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó má baà já bọ́. Bí màmá mi ṣe ń fi òróró pa Signora lẹ́sẹ̀, wọ́n ń rọra kọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Signora di ọwọ́ wọn mú, wọ́n ní, "Figlia mia." Ọmọ mi. Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. N ò rí wọn kí wọ́n rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti dé Italy.

Àfi gbàgà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ọmọkùnrin Signora ló dé.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa ya màmá mi?"

Signora ní àwọn ni. Màmá mi ló tẹjú mọ́. Kí n tó mọ̀, màmá mi ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọmọdé ló ń ṣe é." Ọkùnrin náà ní òun á pè wá lórí fóònù.

Nínú bọ́ọ̀sì, màmá mi ní, "Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ni mo fi ń gba ìwé permesso tá a fi ń gbé ìlú yìí? Tí wọ́n bá lé mi ńkọ́?"

"Mo mọ̀, mà."

Láti ọjọ́ náà, bí fóònù bá ti dún, màá sáré lọ wò ó bóyá òun ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń gé fíìmù tiwọn, ń tò ó pọ̀. Èmi kàn jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, n kò lè fọwọ́ kan nǹkan kan.

Nígbà tí ọmọ Signora pè, ó ní kí n gbé fíìmù náà wá sílé Signora kí òun wò ó. Màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì. Ọkùnrin náà wò ó tán, ó ní kí n dá a padà síbi tí màmá mi ti rẹ́rìn-ín. Ó tún un wò.

"Ẹ lè fi han àwọn ará kíláàsì yín," ó ní. "Ṣùgbọ́n ibi tí màmá mi ti pè é lọ́mọ, ẹ yọ ọ́."

Mo wo màmá mi. Wọ́n fi Yorùbá dá mi lóhùn: "Yọ ọ́ jàre. Ìyá tiẹ̀ ṣáà ni."

Mo yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí a fi hàn, olùkọ́ wa yìn mí, wọ́n wá béèrè ohun tí mo gé kúrò láàárín. Mo purọ́ pé n ò tíì mọ̀ ọ́n gé dáadáa ni. Màmá mi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ojú wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò pàdánù iṣẹ́ náà, ìdílé Signora ò sì tún dárúkọ fíìmù náà mọ́.

Bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀ tram, wọ́n bi mí pé, "Ibi tó o gé kúrò yẹn, ṣé o ti pa á rẹ́?"

"Rárá, mà."

"Ó dáa." Wọ́n wo ẹ̀yìn. "Má jẹ́ kí ọmọ Signora rí i o."