Mo Fi Alùpùpù Gbé Bàbá Mi Relé

Èmi tí bàbá mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan alùpùpù wọn, èmi ni mo fi í gbé wọn relé lónìí!

Àwọn ni wọ́n gbé mi sẹ́yìn láàárọ̀ nígbà tí a ń lọ ṣe àyẹ̀wò ojú ní Ìlá. Ìwé kíkà ti ń nira fún wọn, ẹ̀gbọ́n wọn sì fọ́jú kó tó kú, ìyẹn ló ń bà wọ́n lẹ́rù.

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, ó wá kán oògùn tó ń mú ọmọlójú fẹ̀ sí wọn lójú, kí dókítà lè rí ẹ̀yìn ẹyinjú.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ojú yín dára. Gíláàsì tuntun lẹ nílò."

Inú wọn dùn, wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́. Nọ́ọ̀sì dá wọn dúró.

"Bàbá, ẹ má wa nǹkan kan lónìí o. Ojú yín á ṣì máa ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan."

"Bí mo dijú, mo mọ ọ̀nà ilé mi."

"Àwọn tó ń bọ̀ lọ́nà ńkọ́, sà?"

Wọ́n yọjú síta, oòrùn ta sí wọn lójú, omi bọ́. Ni wọ́n bá na kọ́kọ́rọ́ sí mi.

Nígbà tí wọ́n rí i pé mo ṣíná alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, sà."

Wọ́n gùn sẹ́yìn mi, a gbéra. Nígbà tí a délé ni wọ́n tó ní, "O wà á dáadáa."

Ẹ̀yin tí wọ́n ti kán oògùn yẹn sí lójú rí, ta ló gbé yín délé?