Irin Ni Mo Yọ

Nígbà tí àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ níléeṣẹ́ kékeré kan ní Òdòdè, Ìdànrè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń pè mí ní ajàfẹ́tọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí kí ẹ tó tún yìn mí.

Iṣẹ́ wa ni kí irin ẹ̀rọ tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fín kòkó má baà dípẹtà. A ó kọ́kọ́ rì í sínú ásíìdì kí ìpẹtà ara rẹ̀ lè ṣí, a ó fi omi ṣàn án, ká tó fi síńkì yíyọ́, tí kì í tètè dípẹtà, bò ó. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ásíìdì, irin gan-an ni ásíìdì yóò jẹ. Àkísà la fi ń wé ọwọ́. Ìka Mojí, tó ń ṣan irin, ti bó débi pé kò lè fọwọ́ bu òkèlè mọ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà la bèèrè. Máníjà ní ká ṣe sùúrù, sùúrù náà sì sú wa.

Èmi gan-an ni mo dá a lábàá pé ká yanṣẹ́ lódì lásìkò tí irin bá kún inú ásíìdì. "Ẹ jẹ́ kí máníjà fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́!" ni mo wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo wa jáde sẹ́nu géètì, à ń kọrin.

Máníjà jáde wá. Kò pe ọlọ́pàá. Èmi nìkan ló wò.

"Akọ̀wé, nínú gbogbo wọn, ìwọ lo mọṣẹ́ yìí dénú. Ṣé wàá máa wò ó kó bàjẹ́ ni?"

Mojí ní, "Ọwọ́ tèmi tó ti bàjẹ́ ńkọ́, sà?"

Èmi náà ni máníjà ṣì ń wò.

Ẹ má rò pé ó fún mi ní nǹkan kan o. Orí mi ló wú, òmùgọ̀ èèyàn. Mo wọlé, mo yọ gbogbo irin náà. Àwọn tó kù rò pé a ti ṣàdéhùn, wọ́n tẹ̀ lé mi wọlé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo dé. Èmi ni wọ́n fún. Ojú tì mí, àmọ́ mo wọ̀ ọ́.

Mojí fiṣẹ́ sílẹ̀, ó padà sóko bàbá rẹ̀ ní Aládé. Lọ́jọ́ tó wá dágbére, mo bẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Bọ̀dá Akọ̀wé, mo ti dárí jì yín, Ọlọ́run gbọ́. Àmọ́ irin lẹ sáré yọ."

Mo ti ja ìjà púpọ̀ láti ìgbà náà, a sì borí nínú díẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá ti ń pè mí ní ajàfẹ́tọ̀ọ́, ọwọ́ Mojí ni mo ń rántí.