Aṣọ Funfun Lójú Tẹlifíṣọ̀n

Ìka méjì ni: àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ọ̀gá Onígbàjámọ̀ yóò fi wọ́n mú etí aṣọ funfun tó so mọ́ oníbàárà lọ́rùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni mú ìyẹ́ labalábá. Yóò dúró díẹ̀, ojú rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ti dijú, yóò ti panu dé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni irun máa ń kún lẹ́nu.

Mánijà ilé ìfowópamọ́ kò mọ̀ ọ́n. Àlejò ni ní àdúgbò. Ó wọlé wá gẹ irun lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó, Ọ̀gá so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Fíìmù ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí tábìlì kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Ọkùnrin inú fíìmù sún mọ́ obìnrin kan. Obìnrin náà gbójú sókè. Ọ̀gá ti fa aṣọ yọ. Irun mánijà fọ́n ká bí ìyẹ́ adìẹ, Ọ̀gá sì ti dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ bí ẹni ń sá a sóòrùn, ó yí ọrùn padà, ó ń wo ohun tó ń lọ lẹ́yìn rẹ̀.

Mánijà bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

"Wọ́n ń kí ara wọn," Ọ̀gá dáhùn.

Mánijà nujú, ó dúró. Orin ń dún lẹ́yìn aṣọ. Ó ní irun ti wọ òun lọ́rùn, ìkíni yìí sì mà pẹ́.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra. Ẹ fara dà á."

Bí ìkíni ṣe tán ni iná lọ, ẹ̀rọ ìgẹrun sì kú. Mánijà padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú orí apá kan. Gbogbo ẹni tó bi í léèrè ló ń dá lóhùn pé àwọn kan ló ń kí ara wọn.

Ọ̀gá Onígbàjámọ̀ nìyẹn, tó ti papò dà báyìí. Ènìyàn kúkúrú ni. Èjìká ìyàwó rẹ̀ ló bá dọ́gba. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, á gun àpótí. Bí fọ́tò bá jáde, á ní ẹni tó yà á mọṣẹ́. Ìyàwó náà, Ìyá ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìdí ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, tí yóò máa ká táwẹ́lì, tí yóò tẹríba bí ẹni pé táwẹ́lì nìkan ló wà láyé.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ: àga ìgẹrun kan, dígí kan tó ti ń ṣú létí, tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ẹ̀rọ fídíò rẹ̀, àti bẹ́ǹṣì gígùn kan lára ògiri. Orí bẹ́ǹṣì yìí ni ìdajì àdúgbò ti dàgbà. Àwọn tó ń dúró de irun gígẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Apárí ló pọ̀ jù.

Aṣọ funfun kan ṣoṣo ni Ọ̀gá ní fún iṣẹ́ méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ráhùn, á ní orí kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun bó ṣe wọlé, kí ló wá dé tí fíìmù yóò fi jáde bẹ́ẹ̀?

Télọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, alátakò rẹ̀ sì ni nínú ohun gbogbo. Òun ló bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ńkọ́? Ta ni ń bo ojú tìrẹ?"

"Èmi ti gbéyàwó."

Télọ̀ ní òun náà ti gbéyàwó. Ọ̀gá ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó Télọ̀ ti wá bẹ òun.

Nínú fíìmù kan, ọkùnrin kan báyìí ń fẹnu ko obìnrin lẹ́nu láìsinmi. Aṣọ kò kúrò lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó ń ròyìn: ó ti dé, ó ń kí i, ó ń bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀, ó tún ń bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀. Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń mirí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkùnrin yẹn ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ wọn ọkùnrin wí, pé ẹ ò rí ọmọ tí wọ́n kọ́, tó mọ àna ní àna.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì wá di dírẹ́bà ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tó ń gbéyàwó ní kóòtù, akọ̀wé ní ó lè fẹnu ko ìyàwó lẹ́nu wàyí. Dírẹ́bà wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí aṣọ. Ó tẹ̀ sí ìyàwó.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

Ìyàwó náà, tí òun náà dàgbà lórí bẹ́ǹṣì yẹn, ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n ní kí òun kí i. Akọ̀wé nìkan ni kò mọ ohun tó ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n fíìmù tó jẹ́ ti àdúgbò gan-an ni èyí tí wọ́n ń pè ní Baba Atukọ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ gidi, nítorí Ọ̀gá kò tètè rí ibi tí yóò tẹ̀ lára ẹ̀rọ lọ́jọ́ tó ń gbà á sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. Ìròyìn ojú ọjọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan á ní òjò yóò rọ̀ lọ́la, lẹ́yìn náà ni odò á yọ. Títí dòní, bí àwọn ọmọ orí bẹ́ǹṣì bá gbọ́ pé òjò yóò rọ̀, ọkàn wọn á máa retí ọkọ̀ ojú omi.

Baba arúgbó kan ni. Ó ń tukọ̀ kọjá odò, ó ń kó èèyàn lọ, ó ń kó èèyàn bọ̀. Ní ìparí, ìjì ká a mọ́ àárín omi, òun nìkan, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ń dúró dè é létí odò. Ohun tó wà lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ funfun ni.

Ìdí rẹ̀ rèé. Atukọ̀ ni bàbá tó bí Ìyá. Ọdún tí Ọ̀gá gba fíìmù yẹn sílẹ̀ ni ọkọ̀ bàbá náà padà sí èbúté, tí bàbá kò bá a padà. Wọn kò rí i sin. Lọ́jọ́ tí fíìmù náà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, Ìyá wà ní ìdí ilẹ̀kùn, ó ń ká táwẹ́lì. Ìjì bẹ̀rẹ̀. Kò sí obìnrin kankan nínú ọkọ̀ náà tí ẹnikẹ́ni lè kí. Síbẹ̀, Ọ̀gá fa aṣọ yọ lọ́rùn oníbàárà, ó nà án.

"Ó ti gúnlẹ̀," ó ní. "Ó ti jókòó. Ó ní kí wọ́n kí gbogbo ilé."

Télọ̀, tó jókòó sí igun, tó sì ti fẹ̀gbẹ́ ojú rí díẹ̀, wo Ọ̀gá, ó wo Ìyá, ó sì mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé rẹ̀. Ìyá ká èyí tó kù nínú táwẹ́lì, ó gbé wọn wọlé. Láti ọjọ́ náà, Baba Atukọ̀ kì í ṣàìgúnlẹ̀ ní àdúgbò yẹn.

Fídíò náà gbó. Lọ́jọ́ kan ẹ̀rọ jẹ ẹ́, Ọ̀gá sì fi sísọ́ọ̀sì ìgẹrun gé ibi tó bàjẹ́, ó lẹ ìyókù pọ̀. Bí Baba Atukọ̀ ṣe di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láìní irùngbọ̀n nìyẹn, tí irùngbọ̀n á sì ti kan àyà rẹ̀ kó tó dé àárín omi. Télọ̀ ní kí Ọ̀gá ṣàlàyé ìyẹn.

"Ṣé o rí onígbàjámọ̀ kankan lórí omi?" Ọ̀gá bi í.

Dírẹ́bà ló kó ìjàngbọ̀n dé. Ẹrù gbé e lọ sí ìlú ńlá kan, ó wọ ilé sinimá níbẹ̀, ó sì ṣe kòńgẹ́ Baba Atukọ̀, odindi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tó padà, kò tíì délé rẹ̀ tó fi yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun fẹ́ fá irùngbọ̀n. Abẹ wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ nígbà tó ní, "Ọ̀gá, ọkùnrin yẹn kú o."

Abẹ dúró.

"Ta ló kú?"

Ìyá wà ní ìdí ilẹ̀kùn. Dírẹ́bà wo abẹ nínú dígí, ó wo Ìyá, ó tún wo abẹ.

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," Ọ̀gá ní, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán nínú Dírẹ́bà. Ó ń sọ ọ́ káàkiri pé gbogbo ìgbà èwe òun ni wọ́n fi aṣọ bò. Ó wá sídì fíìmù náà kàn, ó ra ẹ̀rọ tó ń lò ó, ó gbé méjèèjì wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan. Bẹ́ǹṣì kún.

Àwòrán náà mọ́ débi pé èèyàn lè ka ewé igi. Kò sí obìnrin ojú ọjọ́. Ara bẹ́ǹṣì kò lélẹ̀. Ẹnìkan bèèrè pé ṣé òjò ò ní rọ̀ ni. Ọ̀gá ní odò yìí mọ́ jù, pé ẹrẹ̀ tó yẹ odò wà nínú ti àwọn. Nígbà tó kan irùngbọ̀n, díẹ̀díẹ̀ ló ń hù, bíi ti ọmọ èèyàn. Télọ̀, tó ti fi irùngbọ̀n yẹn bá Ọ̀gá jà láti ọjọ́ pípẹ́, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó ní irùngbọ̀n yìí mà kúkú ń fi àkókò ẹni ṣòfò.

Ìjì bẹ̀rẹ̀. Kí Dírẹ́bà tó mí, Ọ̀gá ti dìde. Ó ti ń darúgbó nígbà náà, ó sì na aṣọ. Aṣọ ń mì bí ẹni pé inú ṣọ́ọ̀bù ni ìjì ti ń jà.

"Ó ti gúnlẹ̀," ó ní.

Nígbà tí fíìmù tán, Dírẹ́bà tẹ̀ lé Ọ̀gá jáde. Ó ní àwọn kì í ṣe ọmọdé mọ́, àwọn náà ti bímọ, kí ni Ọ̀gá ń bò fún àwọn?

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn. Ìyá ń gbá irun nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù.

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bò ó fún," ó ní. "Wọn ò rí bàbá rẹ̀ sin. Ó yẹ kí ẹnìkan gúnlẹ̀."

Àìsàn Ọ̀gá kò pẹ́. Télọ̀ ló ń wá fá a nírùngbọ̀n lórí ibùsùn, nítorí Ọ̀gá kò gbà pé onígbàjámọ̀ mìíràn mọṣẹ́, Télọ̀ kò sì sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá bèèrè dígí. Ó wo iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wò ó títí.

"Bí mo bá kú báyìí," ó ní, "bò mí lójú."

Wọ́n bò ó. Aṣọ funfun mìíràn ni wọ́n lò. Ìyá kò jẹ́ kí wọ́n mú ti ṣọ́ọ̀bù.

Lẹ́yìn ọdún kan ó lé, Ìyá ránṣẹ́ pe Dírẹ́bà. Ẹ̀rọ ti jẹ fídíò Ọ̀gá tán pátápátá. Ó ní Baba Atukọ̀ ń wu òun í rí, kó bá òun gbé sídì rẹ̀ wá. Dírẹ́bà sọ fún Télọ̀ pé sídì náà ti sọ nù. Télọ̀ wò ó. Dírẹ́bà ní ó dáa, kò sọ nù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Télọ̀ ṣì ń wò ó. Dírẹ́bà lọ gbé e wá.

Gbogbo wọn ló wá, títí kan àwọn apárí. Aṣọ wà lára ìṣó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Wọ́n ní kí Ìyá wá jókòó sórí àga Ọ̀gá, ó ní ìdí ilẹ̀kùn tẹ́ òun lọ́rùn. Ó mú táwẹ́lì dání.

Ìjì bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò wo ojú ẹnìkejì. Télọ̀ wo orúnkún rẹ̀ méjèèjì, tí kì í gbé e dìde kíákíá mọ́. Ọmọbìnrin inú fíìmù ti dé etí odò, ó ti fọwọ́ sórí ojú, ó ń wo ọ̀ọ́kán.

Dírẹ́bà ló dìde. Ó fi ìka méjì mú aṣọ lára ìṣó, ó dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó nà án. Kò yí ọrùn padà.

"Ó ti gúnlẹ̀," ó ní. "Ó ti jókòó."

Ó wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà, kò rí i. Ó ń wo bẹ́ǹṣì.

"Ó ní kí wọ́n kí gbogbo ilé," bẹ́ǹṣì dáhùn, ohùn gbogbo wọn wálẹ̀, àfi bí ẹni ń ṣe àmín.

Orin ìparí dún tán. Ìyá wá síwájú, ó gba aṣọ lọ́wọ́ Dírẹ́bà. Kò sí irun kankan lára rẹ̀, síbẹ̀ ó gbọ̀n ọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó ká a, ó gbé e lé èjìká.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "Bó bá di ìgbà mìíràn, gbé e sókè díẹ̀ sí i, ojú mi ń kọjá lókè rẹ̀. Ọ̀gá yín náà, bó bá ti rẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ló máa ń gbé e wálẹ̀ jù."

Ó tẹrí ba lábẹ́ àtẹ́rígbà, bí ó ti máa ń ṣe, ó bọ́ sójú títì, ó sì ń lọ.