Ewé Tí Wọn Kò Sè

Alhájà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ló ń se àgbo ibà fún gbogbo ìdílé wa. Ilé rẹ̀ wà ní Ìfọ̀, igi òrúwọ kan sì wà lẹ́yìnkùlé níbẹ̀. Bí ara ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti ń gbóná, yóò wa egbò òrúwọ, yóò já ewé dóńgóyárò mọ́ ọn, yóò sì gbé ìkòkò kaná.

Oògùn òyìnbó ni kò fẹ́ rí. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n fún un ní hóró kulorokuíìnì fún ibà lò, ara sì yún un débi pé òòyà ló fi họra títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Láti ìgbà náà ló ti ní òun ò ní gbé hóró funfun kankan mì mọ́ láyé òun.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò, ó wá kí wa ní Mowe torí pé ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọ̀dọ̀ wa níbẹ̀ ni ibà ti dá a dùbúlẹ̀. Ó ní ká má dààmú, òun gbé àgbo dání nínú kẹ́ẹ̀gì. Ó mu ún, kò sàn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìyá mi tó ti kú pè mí, kò sì lè dá jókòó mọ́. Ọkọ mi gbé e sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìbàfò.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà tó gbà wá. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ibà náà ti wọ̀ ọ́ lára gan-an. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, kò sì lókun tí yóò fi kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìgbà tí dókítà wá gbé oògùn oníhóró wá ni Alhájà ti ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"O ṣé, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n hóró yẹn, ara mi ò gbà á, ó máa ń yún mi."

Mo ti ń múra láti bẹ̀ ẹ́ nígbà tí dókítà náà fa àga, tó jókòó.

"Màmá, èyí tó ń yún ara kọ́ nìyí. Ewé ni wọ́n ti yọ ọ́. Abẹ́rẹ́ tí mo gún fún yín náà, ara ewé yẹn ló ti wá."

"Ewé wo?"

"Ewé kan ní ilẹ̀ Ṣáínà."

Ó wá sọ ìtàn rẹ̀. Ó ní nígbà kan tí ogun ń jà lápá ibẹ̀, ibà ń pa àwọn ọmọ ogun, oògùn tó wà nílẹ̀ kò sì ràn án mọ́. Wọ́n ní kí obìnrin onímọ̀ kan wá nǹkan ṣe sí i. Obìnrin náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka ìwé àwọn oníṣègùn àtijọ́, wọ́n sì ń dán oríṣiríṣi ewé wò. Ewé yìí jẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kò jẹ́ mọ́. Obìnrin náà padà sídìí ìwé, ó wá rí i pé ẹni àtijọ́ tó kọ ọ́ kò ní kí wọ́n sè é. Ó ní kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, kí wọ́n gbo ó, kí wọ́n sì mu omi rẹ̀. Obìnrin náà bá wá ọ̀nà tí yóò fi yọ oje rẹ̀ láìsí ooru púpọ̀.

"Wọn ò sè é," Alhájà wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí dókítà. "Nígbà tó wá rí i ṣe, ta ni wọ́n kọ́kọ́ fún lò?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni, màmá, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ mọ̀ pé kò ní pa aláìsàn lára."

Mo rí omi lójú Alhájà. "Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ó wí. "Kò ní fún wa lágbo mu tí kò bá tíì mu nínú rẹ̀." Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

Ó gbé e mì. Títí ilẹ̀ fi ṣú ló ń wo apá rẹ̀ méjèèjì, ó ń retí kó yún un. Kò yún un.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó bi dókítà léèrè bóyá kò yẹ kí òun náà máa se òrúwọ mọ́.

"Mi ò mọ̀, màmá," ni ó dáhùn. "Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Àwọn kan ṣì ń yẹ òrúwọ wò."

Ìdáhùn yẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ṣì ń se àgbo, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọdé tàbí aboyún ni ara rẹ̀ ń gbóná, yóò ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nígbà tí mo lọ kí i láìpẹ́ yìí, aládùúgbò kan gbé ọmọ rẹ̀ tó ń gbóná wọlé bá wa. Alhájà fọwọ́ kan ọmọ náà lọ́rùn, ó wá gèlè rẹ̀, ó ní kí n máa bu oúnjẹ jẹ, àwọn ń lọ sí ilé ìwòsàn.