Sẹ̀ǹtímítà Mẹ́ta Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ọmọ Mi

Aránṣọ ni mí. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí mo ti ń wọn àyà, ìbàdí àti apá àwọn ènìyàn ní ìlú Kétu, téèpù kì í sì í kúrò lọ́rùn mi àfi bí mo bá ń wẹ̀ tàbí tí mo bá ń sùn. Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin mi sọ fún mi pé òun fẹ́ ra ọkọ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo lọ wọn ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ọmọ mi, ní ilé ìwòsàn kékeré kan lápá Okpomèta. Òun nìkan ni mo bí. Mo gun zémì, ọ̀kadà akérò ti ilẹ̀ wa, mo sì ní kí ọlọ́kadà máa dúró níbikíbi tí mo bá fọwọ́ kàn án léjìká. Ọkọ̀ akẹ́rù ti fi táyà jẹ ilẹ̀ pupa náà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó wá ku òkìtì gígùn kan láàárín, bí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n níbi mẹ́fà. Ibi tí ó ga jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún. Ọlọ́kadà ń wò mí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

Ó ní, “Màmá, ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún ọ̀nà ni?”

Mo ní kó máa wo iwájú rẹ̀.

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, kí n má purọ́. Ọdún mẹ́ta ni ọmọ mi fi gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́. Ní àsìkò òjò kan, ọ̀kadà yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó fi ìgúnpá balẹ̀, wọ́n sì rán an ní ojú márùn-ún. Mo kà á. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ti ṣú, n ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, n ó máa tẹ́tí sí ọ̀nà títí n ó fi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mọ́tò ní ilẹ̀kùn. Mọ́tò ní òrùlé. Èmi rò pé àníyàn mi ti tán nìyẹn, àfi ìgbà tí mo gbọ́ irú èyí tí ó fẹ́.

Bàbá rẹ̀, tí Ọlọ́run ti pè, ni ó ni ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo tí ó wà lẹ́yìn ọjà nígbà náà. Epo dísẹ̀lì, èyí tí àwa níbí ń pè ní gásúwálì, ni ẹ̀rọ náà ń mu. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún méje lọ tí ó ti ń jókòó tì í, tí ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé, “Ohùn rẹ̀ yí padà lónìí.” Lóòótọ́ ni yóò sì ti yí padà. Ìfẹ́ ẹ́ńjìnnì kò kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà náà.

A lọ sí Kútọnu, èmi, òun, àti mẹkáníìkì kan tí ó ti pẹ́ níhìn-ín ní Kétu, tí ó bá bàbá rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Níbi tí wọ́n to àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ sí, méjì ni ó kù nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀ kékeré pupa tí ń mu ẹ̀sáǹsì, ìyẹn epo pẹtiróòlù, ó tutù lójú bí ọmọ ilé-ìwé. Èkejì jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó gùn, ó balẹ̀, gásúwálì ni ó ń mu, ó sì ní túbò.

Mo ní, “Pupa yìí ni kó o mú. Ìgò ẹ̀sáǹsì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé láti Kpankou títí dé Pobè. Epo kò ní tán mọ́ ọ lọ́nà láéláé.”

Ó ní, “Màmá, inú ìgò yẹn gan-an ni mò ń sá fún. Ta ni ó mọ ohun tí wọ́n lú mọ́ ọn?”

Mẹkáníìkì ti wọ abẹ́ aláwọ̀ eérú. Mo bi í pé kí ni túbò. Ó ní, “Ẹ mọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ? Bí ó bá ti ń fẹ́ atẹ́gùn síná, iná á gbóná sí i. Túbò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì.”

Ẹni tí ń tà á dá sí i. “Ẹṣin mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ni agbára rẹ̀, Màmá.”

Mo ní, “Agbẹ̀bí ni, kì í ṣe jagunjagun. Kí ni yóò fi ẹṣin mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ṣe?”

“Gbogbo wọn kì í jáde pa pọ̀, Màmá. Inú ilé ni wọ́n máa ń wà, àfi tí ẹ bá pè wọ́n.”

Ìyẹn kò tù mí nínú. Mo kúnlẹ̀, mo ti téèpù bọ abẹ́ ọkọ̀ náà. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlá. Mo sọ fún wọn pé òkìtì Okpomèta fi mẹ́rin jù ú lọ, inú mi sì dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi àti mẹkáníìkì wo ara wọn. Mẹkáníìkì ní, “Mẹ́rin kò pọ̀. A ó gbé e sókè.”

Báyìí ni a ṣe ra aláwọ̀ eérú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò ní ìsọ̀ mẹkáníìkì. Ó ki irin róbótó sórí àwọn sípíríǹgì, ó wá táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn sí i, ó sì fi irin pẹlẹbẹ bo abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó fi asẹ́ kejì kún asẹ́ epo, èyí tí ó ní ife tí omi inú gásúwálì ń rọ̀ sí. Bíréèkì tuntun ni ó kọ́kọ́ fi sí i, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó ní ẹni tí kò lè dúró kò gbọ́dọ̀ sáré. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn nínú gbogbo ohun tí ó sọ. Nígbà tí ó parí, mo ní kí àwa mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kí aládùúgbò kan bá wa wọn abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ òfìfo kọ́ ni yóò máa rìn. Méjìdínlógún. Ọkàn mi balẹ̀ nípa òkìtì.

Iṣẹ́ tèmi ni inú ọkọ̀. Àga ti ya, kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ sì ti jẹ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀. Mo rán aṣọ àga tuntun, mo sì gbé kápẹ́ẹ̀tì wálé láti pààrọ̀ ibi tí ó jẹ.

Kí n tó dá a padà ni ọmọ mi gbé mi lọ sí Pobè. Lójú títì ọlọ́dà, mo yọjú wo agogo tí ń ka eré ọkọ̀. Ọgọ́fà. Mo tún wò ó. Ọgọ́fà ó lé mẹ́wàá.

Mo ní, “Ta ni ń lé wa?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó rọra gbé ẹsẹ̀. “Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ni, Màmá.”

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá mẹkáníìkì nìkan. Mo bi í bóyá ó lè dín àwọn ẹṣin náà kù. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n Dókítà ni ó ni ọkọ̀.” Dókítà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọmọ mi níbí. “Ẹ bá a sọ ọ́. Bí ó bá gbà, mo gbà.”

N kò bá a sọ ọ́. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Èyí tí mo ṣe nìyí: mo gé igi ìrókò kan tí ó kù lára tábìlì ìgé-aṣọ mi, gígùn rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá, fífẹ̀ rẹ̀ mẹ́fà, nínípọn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Mo fi fóòmù wé e, mo rán an mọ́ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, gẹ́ẹ́ lábẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ láti fi sáré. Mo rán an lẹ́ẹ̀mejì, mo sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà sínú ọkọ̀. Ẹni tí kò bá yí kápẹ́ẹ̀tì padà kò lè mọ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé orí igi náà, yóò rò pé ó ti kan ilẹ̀.

Oṣù méjì tí ó tẹ̀lé e, n kò ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti bí i. Ọkọ̀ náà kò sáré ju àádọ́rùn-ún lọ. Ọmọ mi ń ráhùn. Ó pààrọ̀ asẹ́ epo. Ó bá ẹni tí ń ta gásúwálì fún un jà, ó fi í sílẹ̀, ó wá òmíràn. Mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ń rán aṣọ mi lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wọlé, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà. Erùpẹ̀ pupa bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún.

Ó ní, “Èmi àti nọ́ọ̀sì kan gbé aláboyún kan wá sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.”

Mo bi í bóyá obìnrin náà wà láàyè.

“Ó wà láàyè. Ó bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n a pẹ́ lọ́nà.” Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò ní orúnkún. “Ọkọ̀ akẹ́rù kan wà níwájú wa, tó kó àpò àgbàdo. Ọ̀nà tọ́, n kò rí ẹnikẹ́ni, mo ní kí n yà á sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, Màmá. Mo ń kà, bí mo ti máa ń ka ìmí aláìsàn. Mo kà dé mọ́kànlá, imú ọkọ̀ mi kò tíì kọjá táyà iwájú rẹ̀. Ọ̀kadà kan wá yọ níwájú, ènìyàn mẹ́ta ni ó gbé. Bíréèkì tuntun yẹn ni ó yọ wá. Mo padà sẹ́yìn akẹ́rù, mo sì tẹ̀lé e dé Kétu.”

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. “Ọkọ̀ yẹn ń ṣàìsàn. Lọ́la n ó gbé e lọ fún mẹkáníìkì, kó tú túbò rẹ̀.”

Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo gún un sínú aṣọ, n kò fà á yọ. Mo ti fi téèpù wọn òkìtì, mo ti wọn igi, n kò wọn gígùn ọkọ̀ akẹ́rù rí. N kò rò ó rí pé bí ọmọ mi kò bá lè sáré, ńṣe ni yóò pẹ́ ní ojú ikú.

Mo bá a lọ sí ìsọ̀ náà ní òwúrọ̀. Mẹkáníìkì tú páìpù túbò, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó lójú oòrùn. Ó tú asẹ́, ó dà á sínú abọ́. Ó ní, “Kò sí nǹkan kan. Ẹwìrì ń fẹ́. Epo mọ́.” Ọmọ mi tún ní kó wò ó. Nígbà tí ọwọ́ mẹkáníìkì kan ìdè tí ó di ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, mo dìde.

Mo ní, “Ẹ má tú u mọ́. Kò ṣàìsàn. Èmi ni.”

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo kúnlẹ̀, mo yí kápẹ́ẹ̀tì padà, mo fi ojú abẹ tú òwú náà. Ó pẹ́ kí ó tó tú, nítorí pé lẹ́ẹ̀mejì ni mo rán an. Mo fa igi náà yọ, mo gbé e lé ọmọ mi lọ́wọ́.

Mẹkáníìkì ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Láti àárọ̀ ni mo ti ń tọ́jú túbò. Àṣé kápẹ́ẹ̀tì ni ibà ń ṣe.”

Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yí igi náà lọ́wọ́. Ó ní, “Màmá, ènìyàn mẹ́ta ni ó wà lórí ọ̀kadà yẹn.”

Mo ní, “Mo mọ̀.”

“Mẹ́ta ni àwa náà nínú ọkọ̀. Ìkẹrin wà nínú ikùn.”

Mo ní, “Ọmọ mi, dárí jì mí. Ẹ̀rù ni.”

Ó fi igi náà sẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì dá gbogbo nǹkan padà sáyè rẹ̀ tán, ọmọ mi ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì. “Ẹ wọlé.”

A gba ọ̀nà Pobè. Kò pẹ́ tí a fi bá ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó igi tíìkì. Ọmọ mi dúró sẹ́yìn rẹ̀ títí ọ̀nà fi tọ́, ó wo dígí, ó tan iná ìyà-ọ̀nà. Ó ní, “Ẹ máa kà.”

Mo di téèpù ọrùn mi mú. Ọkọ̀ náà fò bí ẹni tí wọ́n ti ẹ̀yìn tì. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. A ti wà níwájú akẹ́rù. Ó gbé ẹsẹ̀, ọkọ̀ rọlẹ̀ padà sí ọgọ́rin, ó sì dúró síbẹ̀. Kò wò mí, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti tú.

Mo ní, “Mẹ́rin.”

Ó ní, “Mẹ́rin ni èmi náà kà.”

Ìwúwo kan kúrò láyà mi níbẹ̀ tí n kò mọ̀ pé mo ti ń gbé kiri. Mo fẹ̀yìn ti àga tí mo fi ọwọ́ ara mi rán, mo sì sùn kí a tó dé Pobè.

Igi ìrókò náà kò padà sí ìsọ̀ mi. Iwájú ilé ìwòsàn ọmọ mi dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì gúnlẹ̀, òun ni ó fi ń há ẹ̀yìn táyà kí ọkọ̀ má yí lọ. Bí ó bá délé nírọ̀lẹ́, n kì í bi í mọ́ pé mélòó ni ó sá. Bíréèkì ni mo máa ń béèrè.